Ìbàdàn Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀ Bí Ẹ Bá Fẹ́ Mọ Nàìjíríà

Àlejò tó bá ń bọ̀ ní Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, Èkó làwọn èèyàn máa ń júwe fún un. Bí kò bá jẹ́ Èkó, wọ́n á ní kó lọ sí Àbújá, kó lọ wo títì tó mọ́ tónítóní. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tó sì dàgbà síbẹ̀, pè mí pé òun ń bọ̀ wá wo orílẹ̀-èdè ìyá òun, Ìbàdàn ni mo ní a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ṣe ni mo kàn ń polówó ìlú tí wọ́n bí wa sí. Mo fẹ́ràn ìlú náà lóòótọ́, mi ò sẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ tó ní ìpínlẹ̀ 36 pẹ̀lú Àbújá, tí èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ lé ní 500, ta ló lè rí i tán? Ibi tí àlejò ti máa rí bí èèyàn tó pọ̀ tó báyìí ṣe ń bára wọn gbé ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, Ìbàdàn ni mo sì mọ̀ tó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ láti Èbúté-Mẹ́ta. Láti 2021 tí wọ́n ti ṣí ojú irin tuntun yìí, kìlómítà 157 tó wà láàárín Èkó àti Ìbàdàn ti di ohun téèyàn ń jókòó gbádùn, láìsí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Bí a ṣe ń kúrò ní Agége ni ilé ń dín kù, tí igbó sì ń pọ̀ sí i. Ní Abẹ́òkúta, ó rí orúkọ Wọlé Ṣóyínká lára ibùdókọ̀, inú rẹ̀ dùn pé òǹkọ̀wé ni wọ́n dá lọ́lá bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, Ìbàdàn tí a ń lọ yìí ni wọ́n ti ṣí wá síbẹ̀.

Mọ́níyà ni ọkọ̀ ń já èrò sí, ó sì jìnnà sí àárín ìlú. Ẹ ná owó mọ́tò kí ẹ tó wọlé. Micra ni takisí Ìbàdàn, kékeré, tí èèyàn méjì máa ń há ara wọn mọ́ iwájú pàápàá. Kí a tó dé Òjòó, ìyá kan tó jókòó tì wá ti mọ ẹni tí a jẹ́, ibi tí a ti ń bọ̀ àti ìdí tí ọmọ náà ò fi tíì lọ́kọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní nínú ọkọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

Òkè Màpó ni mo kọ́kọ́ mú un gùn. Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929 nígbà ìjọba òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó ràgàjì tó dúró síwájú. Gbọ̀ngàn náà rẹwà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nísàlẹ̀ ni mo ní kó wò. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú oòrùn, ó lọ títí ojú ò ká a mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì, ó tún gun òkè mìíràn lọ. Ilé fara ti ilé, agbo ilé wọnú agbo ilé. Ẹni tó bá wò ó láti orí òkè yìí á rí i pé wọn ò fi okùn wọn ilẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Bí èèyàn ṣe ń dé ni wọ́n ń kọ́lé.

Ogun ló kó wọn jọ. Ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn tí ogun Òwu ti tú ìlú púpọ̀ ká, àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ pàgọ́ sí abúlé Ẹ̀gbá kan tó ti dahoro. Wọn ò gbèrò àtipẹ́. Máyẹ̀, ọmọ Ifẹ̀, ló kọ́kọ́ ṣe olórí wọn, kí agbára tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ọ̀yọ́, tí Olúyọ̀lé fi di Baṣọ̀run. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Ẹni tó bá lè jà tàbí tó lè roko rí ibi forí pa mọ́ sí. Ní 1840, ìlú ọmọ àná yìí ló dá ogun Ìlọrin dúró ní Òṣogbo.

Títí di òní, kò sí ìdílé kan tó lè sọ pé tòun nìkan ni oyè Olúbàdàn. Ìlà méjì ló ń lọ síbẹ̀, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, bó bá kan ìlà yìí lónìí, á kan ìlà kejì lọ́la. Mógàjí, ìyẹn olórí agbo ilé, á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, á máa gòkè bí àwọn tó wà níwájú ṣe ń lọ, ó sì lè gbà á lọ́pọ̀ ọdún kó tó kàn án.

"Àǹtí, ṣé wọn kì í jà sí i ni?"

Mo ní wọ́n ń jà, wọ́n tiẹ̀ ń pera wọn lẹ́jọ́, àmọ́ ètò náà ṣì dúró.

Wọ́n máa ń kì ìlú yìí pé, "Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì." Bàbá bàbá mi wà lára àwọn àjòjì náà. Ìjẹ̀bú ló ti wá ta aṣọ, Òkè-Àdó ló wọ̀ sí bíi ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀bú ìgbà náà, ibẹ̀ ló kọ́lé sí, ibẹ̀ náà la sì sin ín sí. Nígbà tí mo ń wí èyí fún ọmọ náà lórí òkè, ọ̀rọ̀ há mi lọ́nà ọ̀fun.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ọjà Bódìjà. Bí mo bá ní agbára, gbogbo àlejò tó bá wọ Nàìjíríà ni mo máa mú dé ọjà yìí kí wọ́n tó wo ohunkóhun mìíràn. Ọjà oúnjẹ ni, bí ẹ bá sì ń béèrè ibi tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ti wá, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí lẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn tán láìkúrò ní Bódìjà. Àlùbọ́sà inú àpò alágbọ̀n, Sókótó ló ti wá. Tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ ńláńlá, láti Kánò ló ti sun ojú ọ̀nà kó tó dé, àwọn obìnrin sì ń ṣà á lọ́wọ́, wọ́n ń ya èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀. Iṣu tí wọ́n tò jọ gègèrè, Bẹ́núé ni. Pòtétò òyìnbó, láti Jos, níbi tí òtútù ti ń mú. Edé pupa, láti etí òkun lọ́wọ́ Ọ̀rọ́n. Ẹja gbígbẹ tó dúdú kirikiri, lọ́nà Adágún Chad. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa kọ orúkọ ìlú sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ títí ojú ìwé fi kún.

Èlùbọ́ la dúró jù lọ nídìí rẹ̀. Ìyá tó ń tà á ní láti Ṣakí, ní Òkè-Ògùn, ni wọ́n ti ń gbé e wá fún òun. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ní ká wò ó bó ṣe kúnná. Ó ní kí ọmọ náà fi sẹ́nu. Ó fi sẹ́nu, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, ìyá náà fà á mọ́ra, ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe báyìí la ṣe ń jẹ ẹ́. Tí wọ́n bá rò ó tán, tí gbẹ̀gìrì àti ewédú bá wà lórí ẹ̀, o ò ní fẹ́ padà síbi tó o ti wá mọ́." Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a jẹ àmàlà náà, gbígbóná, pẹ̀lú ṣàkì. Ìyá náà ò parọ́.

Ẹ lọ sí Sábó nírọ̀lẹ́, kì í ṣe lọ́sàn-án. Láti 1916 ni wọ́n ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa, obì ló sì gbé wọn wá. Obì inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ń lọ sókè ọya, màlúù òkè ọya ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó kó màlúù dé láti ọ̀nà jíjìn ò mọ alápatà kankan, kò sì mọ ẹni tó máa san gbèsè. Máígídá ló ń gbà á sílé, tó ń bá a wá oníbàárà, tó sì ń ṣe onídùúró lórí owó tí wọ́n bá jẹ ẹ́. Ìfọkàntán lásán ló gbé òwò yẹn ró, láàárín àwọn tí èdè wọn àti ìlú wọn yàtọ̀ síra.

Ọkùnrin tó ta súyà fún wa gé ẹran tán lórí pákó, ó fọ́n yàjì sí i, ó gbé ojú sókè. "Àǹtí, sé kí n jẹ́ kí ata pọ̀ àbí kó mọ níwọ̀n?" Bí ọmọ Ọjà'ba gan-an ló ṣe sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n béèrè ibi tó ti wá. Ó ní Sábó ni wọ́n bí òun sí, Sábó ni wọ́n bí bàbá òun sí. "Bí mo bá lọ ìgbéyàwó ní Kánò, Bàyarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá, ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá dé Dùgbẹ̀, wọ́n á ní Hausa ni mí." Ó fi ọ̀bẹ nà sí òpópónà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ilé wa rèé." Kò fi ìbànújẹ́ sọ ọ́ rárá. Ó wé súyà náà sínú ìwé ìròyìn, ó fi èènì sí i fún àlejò.

Dùgbẹ̀ ò gbà wá lákòókò púpọ̀. Ẹ wo Ilé Kòkó dáadáa ṣá, alájà 26, tí wọ́n parí ní 1965, tó sì jẹ́ pé owó àwọn àgbẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìgbà tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nìyẹn, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1955, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sì ti ń ṣiṣẹ́ níbí láti 1959.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, mo mú un dé iwájú ilé ìkàwé. Kenneth Dike ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ Igbo láti Awka, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe gíwá níbẹ̀. Chinua Achebe wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ wọlé. Ní 1961, òun, Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti J. P. Clark wà nínú ẹgbẹ́ Mbari tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú yìí, Igbo, Yorùbá àti Ìjọ̀, wọ́n jọ ń ka iṣẹ́ ara wọn.

Níbẹ̀ ló ti bi mí nípa ogun abẹ́lé. Mi ò fẹ́ fi pa mọ́ fún un, torí ẹni tó bá sọ fún àlejò pé àwa tí a wà nílẹ̀ yìí ò bára wa jà rí, ó tàn án. Kò ju ọdún mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí Mbari bẹ̀rẹ̀ tí ogun fi dé. Okigbo kú sójú ogun ní 1967, lápá Biafra. Achebe ṣiṣẹ́ fún Biafra, ìjọba àpapọ̀ ti Ṣóyínká mọ́lé, Clark dúró ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀rẹ́ tó jọ jókòó ní Ìbàdàn ni gbogbo wọn. Nígbà tí ogun parí ní 1970, àwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Lónìí, ẹ lọ sí Gate níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹ ó gbọ́ èdè Igbo àti Yorùbá lẹ́nu oníṣòwò kan náà kó tó dá owó ọjà lé. Ìgbà gbogbo tí mo bá dé ibẹ̀ ni mo máa ń dúpẹ́.

Láti Ìbàdàn, ibi gbogbo lẹ lè gbà. Ìwó Road ni ẹ ti máa rí mọ́tò Ifẹ̀, Òṣogbo àti Àkúrẹ́. Bí ẹ bá dé Ìlú Benin, ẹ yà ní òpópónà Ìgùn, níbi tí wọ́n ti ń fi idẹ dárà. Lọ́kọ́jà ni Odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ní Kánò, ẹ wo kòtò aró ní Kofar Mata. Ẹ má rìnrìn-àjò òru, kí ẹ sì bi àwọn ará ibẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó gbéra, torí àwọn ọ̀nà kan wà tó léwu báyìí. Ẹni tó bá lówó lè wọ bàálù ní Alákíà lọ sí Àbújá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tú ìwé tó kọ orúkọ ìlú sí ní Bódìjà síwájú mi lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa lọ. Mo rò pé Kánò ló máa mú. Jos ló fi ìlà sí nídìí. Mo ya ẹ̀wù òtútù mi fún un, mo sì pe ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ibẹ̀ pé kó lọ pàdé rẹ̀.