Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ iṣẹ́ sólà, ẹ má tíì ra àkàbà

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ni ìbéèrè yìí ti ń já wọ WhatsApp mi, ó tún wá le sí i nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn ará Band A lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan ní April 2024. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń wọ iṣẹ́ sólà yìí?" Àwọn míì ò tiẹ̀ ní dárúkọ sólà, green economy ni wọ́n á pè é, pàápàá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ka Geography ń bi mí, ẹni tó ka Accounting ń bi mí, lọ́yà náà ń bi mí. Mi ò dá wọn lẹ́bi o. Nígbà tí lítà epo kan ò tíì tó ₦200, ta ló ń ka iye tí jẹnẹrétọ̀ ń mu? Ìgbà tó fi máa di ìparí 2024 tí lítà kan ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, I-better-pass-my-neighbour náà ti di ohun ọlọ́lá, gbogbo èèyàn wá gbójú sókè wo òrùlé.

Ìdáhùn mi kì í sábà tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ń retí kí n dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan, kí n ní ẹ lọ sanwó, ẹ gba sátífíkéètì, ó parí. Èmi náà á wá bi wọ́n pé kí lẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀? Torí nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tí iṣẹ́ yìí rọgbọ fún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ju iṣẹ́ àtijọ́ ẹ̀ nù pátápátá, ohun tọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ̀ ló gbé wọlé. Èmi gan-an, ìdí káńtà báǹkì ni mo ti wá, ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n ní sùúrù fún ẹni tínú ń bí, kí n sì ṣàlàyé owó fún un títí tó fi máa yé e. Ọ̀gá tó gbà mí sọ ọ́ lójú mi pé òun ò nílò ẹni tó máa gun òrùlé, àwọn ọmọ tó ń gùn ún ti pọ̀, ẹni tó máa jókòó ti kọ́sítọ́mà kó tó sanwó lòun ń wá.

Ẹni tó ka Accounting, ẹ wo àwọn kọ́ḿpánì bíi Sun King àti d.light tó ń ta sólà kéékèèké fáwọn èèyàn, tí wọ́n á máa san án díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù, tí àsìkò tí wọ́n san fún bá tán ẹ̀rọ á pa ara ẹ̀ títí wọ́n á fi san òmíì. Ẹ bá mi wò ó, gbèsè ni gbogbo òwò yẹn dá lé, kí lẹ rò pé wọ́n nílò ju ẹni tó mọ ìwé owó kà lọ? Geography ńkọ́? Ní 2018 wọ́n gbé sólà 85kW sí abúlé Gbamu-Gbamu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ti ilé kan, ti gbogbo abúlé ni, pẹ̀lú òpó àti mítà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó ri òpó kan mọ́lẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti ka ilé, kó ka ṣọ́ọ̀bù, kó ka ẹ̀rọ tó ń lọ gàrí, kó ya máàpù, kó bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lọ́yà, òfin iná tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 ti gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa darí ọ̀rọ̀ iná tiẹ̀, Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó tètè gbà á, iṣẹ́ yín ti délẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan tún máa ń sọ̀rọ̀ owó Báǹkì Àgbáyé, $750 mílíọ̀nù tí wọ́n fọwọ́ sí ní December 2023 fún ètò DARES tí REA, àjọ ìjọba tó ń rí sí iná ìgbèríko, ń bójú tó, èyí tí wọ́n ní ó máa gbé iná dé ọ̀dọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 17.5. Òótọ́ ni, owó wà. Àmọ́ owó yẹn ò ní bọ́ sí ọwọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe jókòó yẹn, ọwọ́ àwọn kọ́ḿpánì ló ń gbà kọjá, ẹ̀yin ẹ lọ wá àyè lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà wọlé sha, ìṣirò lóòdù, ìyẹn kẹ́ ẹ mọ iye iná tí kọ́sítọ́mà ń lò àti ìgbà tó ń lò ó, dandan ni. Àní bó jẹ́ ìwé owó lẹ fẹ́ máa kọ.

Ìyá kan wà tó ń ta ẹja yìnyín ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ọ̀gá mi mú mi dání lọ síbẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bá a ṣe jókòó ni ìyá bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ó máa gbé fírísà mi mọ́júmọ́?" Ẹni tó ń kánjú àtitajà á ti ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọ̀gá mi ní, "Màmá, ẹ má bínú, ìgbà wo lẹ máa ń kó ẹja tuntun sí i?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni, tí ọkọ̀ bá ti Èkó dé."

"Gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ṣé kí n wá máa kó o ní méjì méjì ni?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹja tó ti rọ̀ lójú ọ̀nà, tẹ́ ẹ bá kó o sí fírísà ní ìrọ̀lẹ́, fírísà yẹn ò ní sinmi títí ilẹ̀ á fi mọ́, bẹ́ẹ̀ oòrùn ti wọ̀, orí bátìrì ni gbogbo ẹ̀ máa wà. Tó bá jẹ́ àárọ̀ ló kó o, páńẹ́ẹ̀lì á máa gbé e lọ ní tààrà, bátìrì á kàn máa ṣọ́ òru. Ọ̀gá mi ṣàlàyé fún un pé tí ọkọ̀ bá lè máa dé ní ìdájí, ìdajì bátìrì tó fẹ́ rà ni kò ní rà mọ́. Ìyá pe dírẹ́bà lójú wa. Owó tí ọ̀gá mi ìbá rí lórí bátìrì yẹn pọ̀ o, kí n má parọ́, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà tí ìyá yẹn ti fà wá fún wa ní Bódìjà láti ìgbà náà, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ìṣirò yẹn ò le. Wáàtì tí nǹkan ń jẹ, ẹ táìmùsì ẹ̀ pẹ̀lú iye wákàtí tó fi ń ṣiṣẹ́. Fáànù méjì oní-60W fún wákàtí mẹ́wàá, 1,200 nìyẹn. Gílóòbù márùn-ún oní-10W fún wákàtí mẹ́fà, 300. Tẹlifíṣọ̀n 80W fún wákàtí márùn-ún, 400. Fíríìjì oní-150W kì í fi gbogbo wákàtí 24 ṣiṣẹ́, ó máa ń tàn ó máa ń sinmi, ẹ ká a sí bíi wákàtí mẹ́jọ, 1,200. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 3,100, 1,000 ló sì ń jẹ́ yúnìtì kan, ìyẹn yúnìtì mẹ́ta àti díẹ̀ lójúmọ́. Ti bátìrì, ẹ táìmùsì V tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pẹ̀lú Ah ẹ̀: lithium 51.2V 100Ah kan máa ń gba bíi yúnìtì márùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lẹ sì lè lò. Tubular, ìyẹn bátìrì olómi, 12V 220Ah ń gba bíi yúnìtì 2.6, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín ìdajì ẹ̀ lẹ máa lò, ẹyọ kan ò lè gbé ilé yìí láéláé. Oòrùn ńkọ́, apá ọ̀dọ̀ wa níbí, bíi wákàtí mẹ́rin oòrùn gidi ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, ẹ má ní torí pé ilẹ̀ mọ́ láago mẹ́fà kẹ́ ẹ wá ká méjìlá, àwọn ará Kánò àti Sókótó ló ń rí jù bẹ́ẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì 550W méjì á gbé ilé yìí ní February, àmọ́ ní July tí ojú ọ̀run ń ṣú lójoojúmọ́ ẹ ó wá ẹ̀kẹta. Ẹnì kan á sì wá pilọ́ọ̀gì áyọ́ọ̀nù 1,000W sí ínfátà kékeré, á ní sólà ò dáa. Ínfátà ni ẹnu ọ̀nà, bátìrì ni àká, bí àká bá kún dẹ́nu tí ẹnu ọ̀nà ṣe tóóró, ẹrù ńlá ò ní gbabẹ̀ jáde.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ ra páńẹ́ẹ̀lì ní Alaba, ẹ mú tépù dání. Oòrùn tó ń bọ́ sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan ní mítà kan kì í sábà ju 1,000W lọ, páńẹ́ẹ̀lì tó dáa ń rí bíi ìdá márùn-ún ẹ̀ sọ di iná. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó 550W fi máa ń gùn tó bíi mítà 2.28, tó fẹ̀ tó 1.13, tó sì wúwo tó bíi kílò 28. Èyí tó kéré tó tábìlì tí wọ́n lẹ 550W mọ́ lẹ́yìn, irọ́ ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ náà wà ṣá o. NAPTIN, iléèwé ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ iná, máa ń kọ́ni, ẹni tó ń sin ìlú lọ́wọ́ lè gba ọ̀nà SAED, ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn agùnbánirọ̀, YouTube sì wà fún ẹni tó ní dátà. Àmọ́ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ lọ dúró ti ẹni tó ń ṣe é, kẹ́ ẹ sì fẹnu kò lórí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọ̀gá kan á fi "mò ń kọ́ ẹ níṣẹ́" lo èèyàn títí. Orí òrùlé lẹ máa ti rí ohun tí wọn ò kọ́ yín ní kíláàsì: ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn tí ikán ti jẹ igi abẹ́ páànù tán, ẹ fẹ́ gbé páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ lé e. (Lánlọ́ọ̀dù kan ní "ìwọ obìnrin lo máa gun òrùlé mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá, ẹ bá mi di àkàbà mú.) Àwọn eletiríṣíàn tí iná NEPA ti mọ́ lára ni mo tiẹ̀ máa ń bẹ̀ jù pé kí wọ́n ṣọ́ra, torí páńẹ́ẹ̀lì ò ní ibi tẹ́ ẹ ti ń pa á, bí oòrùn bá ti kàn án iná ti wà nínú ẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ tẹ́ ẹ so tẹ̀lé ara wọn lè fún yín ní bíi 400V DC, tí iná yẹn bá sì ti fò láàárín wáyà, kì í tètè kú bíi ti AC tí NEPA ń gbé wá.

Ẹ̀gbẹ́ kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí àwọn tó ń polówó ẹ̀ kì í dárúkọ. Bátìrì tubular máa ń gbó, òjé (lead), tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú ẹ̀. Ní Ògijo, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò wò, wọ́n bá òjé níbẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. A ò lè máa pe iṣẹ́ wa ní iṣẹ́ tó mọ́ ká wá ṣe bíi pé ìyẹn ò kàn wá. Ọ̀dọ̀ wa nígbà míì, àwọn tó ń ra àlòkù kiri á kọ́kọ́ da ásíìdì ẹ̀ sí gọ́tà kó lè fúyẹ́.

Bọ̀dá kan tó ń ta páàtì mọ́tò ní Gate bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ibo lòun lè gbà wọlé, òun ò kàwé púpọ̀, ọjọ́ orí òun ò sì gba òrùlé mọ́. Mo bi í pé bátìrì àlòkù mélòó ló ń gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá lóṣù. Ó ní òun ò kà á rí. Tó bá rí ilé ìkẹ́rùsí tí ilẹ̀ ẹ̀ ní sìmẹ́ńtì, tó ń gbà wọ́n lódindi tòun ti omi inú ẹ̀, tó sì wádìí ilé iṣẹ́ tó máa tà á fún dáadáa, ọ̀nà tiẹ̀ nìyẹn, àlòkù tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa nìkan á kún ọkọ̀ Hilux kan. Mo ti sọ fún un kó wá wò ó.