Ẹsẹ̀ ọmọ lórí kẹ̀kẹ́: ohun tí ojú wa rí ní Utrecht

Bí mo ti ń kọ èyí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Mọ́kọ́lá, ìyá mi ń fi òrí ra gìgísẹ̀ ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún márùn-ún. Láti ọjọ́ Sátidé tí a ti dé sí Ìbàdàn ni wọn kò ti yé bi mí pé ta ló ní kí n máa fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé ọmọ àwọn kiri. Ẹ̀yin tí ẹ kó ìdílé lọ sí Nẹ́dálándì bíi tiwa tó wà ní ìlú Utrecht níbẹ̀, tí ẹ kò sì ní mọ́tò, ẹ mọ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ohun tó tàn mí ni pé mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn láti kékeré. Mo ti háyà kẹ̀kẹ́ gùn ládùúgbò yìí, mo sì ti fi káríà gbé àwọn àbúrò mi láìmọye ìgbà. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó mi gbé àbíkẹ́yìn wa sí ìjókòó ọmọdé iwájú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, orí káríà lásán ni mo gbé ẹ̀gbọ́n kà, mo ní kí ó di ẹ̀wù mi mú bí èrò ọ̀kadà.

Òjò ń ṣẹ̀ wínníwínní láàárọ̀ ọjọ́ náà, a sì ti ń pẹ́ dé ilé ìwé. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá kan, mo gbọ́ ìró kan, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi, mo sì rò pé ṣéènì ló já, àfi ìgbà tí ọmọ figbe ta. Bàtà rẹ̀ pupa ti há sáàárín sípóòkì àti irin kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ sì wà nínú bàtà. Mo fẹ́ fà á yọ tipátipá. Obìnrin kan tó ń kọjá ló gbá ọwọ́ mi mú, tó gbé ìdí kẹ̀kẹ́ sókè, tó sì ń rọra dá táyà padà sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ fi jáde. Bàtà kò jáde. Awọ gìgísẹ̀ náà bó bí èèpo iṣu tí a sè. Ọmọ kò sunkún mọ́, ó kàn ń wò mí. Ìwò yẹn ṣì ń jí mi lóru.

Egungun kò ṣẹ́. Wọ́n rán an, ó jinná, ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹ dáàbò bo ẹsẹ̀ ọmọ. Òfin ibẹ̀ ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 jókòó sí ibi tó gba ẹ̀yìn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. N kò mọ̀, ẹ má sì pè mí ní aláìbìkítà, nítorí ojoojúmọ́ ni mò ń rí àwọn onílùú tó ń gbé ọmọ sórí káríà. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kí ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń bo ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ má baà rí àyè wọlé. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ ni kò ní bíréèkì ọwọ́, pẹ́dàlì ni wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dá nìkan gùn ún. Iná funfun níwájú, pupa lẹ́yìn, bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwọn kan ti bi mí nípa akoto. Akoto dára, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni mò ń sọ.

Mo ti sọ fún ìyá mi pé ìjókòó tuntun tí mo rà ní bẹ́líìtì fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní bẹ́líìtì náà nípọn tó báwo. Ọmọ na ìka méjì sókè.