Ọmọ ti dé, ẹ má gbàgbé ìyá

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, tí obìnrin bá ń rọbí, ẹ má kàn wo ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ ní ó ṣì kù o, ẹ gbọ́wọ́ lé ikùn ẹ̀, ẹ gbọ́ ọkàn ọmọ ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, tí lílù ọkàn ọmọ ò bá tó 110 tàbí tó ju 160 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí ò sì padà sípò, ẹ tètè pe dókítà. Èyí tó ń dùn mí jù ni ẹ̀yìn ìbímọ: ọmọ ti ké, gbogbo èèyàn ń yọ̀, kò sẹ́ni tó wo ìyá mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń dà lábẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ oxytocin, èyí tó ń mú ilé ọmọ súnkì, ẹ máa tẹ ilé ọmọ wò ní ìṣẹ́jú 15 15, tó bá rọ̀, ẹ fọwọ́ ra á títí á fi le, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ìyá tọ̀, torí àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ súnkì.