Ẹni tó ṣe eléyìí ní sùúrù

Wọn ò gba mọ́tò tí mo fọwọ́ ara mi tò. Mo ti sọ ọ́, kí n lè sinmi.

Kì í ṣe òun ló ń jẹ mí lọ́kàn lálẹ́ yìí ṣá. Ọ̀rọ̀ kan ni. Mo jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò IVA, ìyẹn àyẹ̀wò tí ìjọba Bírítéènì ń ṣe fún irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ kó tó lè gun títì; wọn ò mọ̀ pé mò ń gbọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń yẹ mọ́tò wò sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Ẹni tó ṣe eléyìí ní sùúrù." Èkejì kàn ní "hùn-ún." Hùn-ún yẹn gan-an... ṣé ó gbà ni, àbí ó ń rẹ́rìn-ín?

Ọdún mẹ́rin. Tó bá jẹ́ ọdún là ń kà, bóyá mo ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ṣé onísùúrù ló máa fi orí bóòtù onínọ́ọ̀tì mẹ́fà sílẹ̀ láìfi ìdérí bò wọ́n, lára irin tó di táyà iwájú mú? N ò tiẹ̀ gbàgbé wọn. Mo rí wọn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ti rẹ̀ mí, mo ní ta ló máa wo ibẹ̀. Wọ́n wo ibẹ̀. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù kan tó fẹ̀ ní 100 mm; ibi tó bá ti lè kan ara mọ́tò níta, etí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ rí roboto, kí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ tó 2.5 mm ó kéré tán, kó má baà ya ẹni tó bá kọlù ú. Orí bóòtù tèmi mú bí eyín ajá.

Ìyókù lọ. Ariwo sáléńsà jẹ́ 97 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, 99 ni òpin. Iná kùrukùru ẹ̀yìn, ago eré, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbà. Ọwọ́ mọ́tò tí kò jẹ́ kí n sùn láti oṣù tó kọjá, wọ́n yí i, wọ́n fi í sílẹ̀, ó rọra padà sí àárín. Bíréèkì náà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ojú tí mo fi rí bíréèkì yẹn, ẹ bá mi yọ̀ díẹ̀.

Bóòtù mẹ́fà.

Bàbá kan tó kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ láyé SVA, ìdánwò àtijọ́, kí IVA tó gbapò rẹ̀ lọ́dún 2009, ní kí n má da ara mi láàmú, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun lọ. Mo dúpẹ́. Kò tù mí nínú.

Mo sọ ohun tí mo gbọ́ fún ìyàwó mi. Ó wò mí. "Ẹ̀yin kẹ̀? Sùúrù?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Inú bí mi, mo jáde lọ sí gáréèjì, mo dúró sínú òkùnkùn bí ẹni tó wá jalè.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí nọ́ọ̀tì bá há, mo lè fi wákàtí mẹ́ta jókòó tì í. Màá da epo sí i, màá dúró, màá máa bẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi obìnrin wá bá mi lọ́dún àkọ́kọ́, ó fẹ́ bá mi dì í, ó ń yí sípánà síbi tí kò yẹ. Mo já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀. N ò rò pé ó ti wọ gáréèjì náà látìgbà yẹn àfi tí wọ́n bá rán an pé kó wá pè mí... N ò fẹ́ rò ó débẹ̀ lálẹ́ yìí.

Bóyá ọkùnrin yẹn kàn ń ṣàánú mi ni, nígbà tó ti mọ ohun tó fẹ́ kọ sínú ìwé. Àbí ó rí nǹkan kan lóòótọ́, lára wáyà tí mo dì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ kó jẹ́ wáyà.

Ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ sí mi lọ́kàn: mọ́tò méjì ló wà nínú ilé ìdánwò yẹn lásìkò náà.

Háà.

Mo ti ra ìdérí rọ́bà náà. Ogún ló wà nínú ọ̀rá kan. Mẹ́fà ni mo nílò, ṣùgbọ́n ogúnléógún ni màá wá ibi fi sí.