Ẹ Dá Iṣẹ́ Dúró Kí Ẹ Tó Ṣe Backup

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni hard disk kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo ń bá tọ́jú ẹ̀rọ n'Íbàdàn kú. Mi ò kọ́kọ́ mikàn. Lálaalẹ́, ní aago 12 òru, ni cron, ètò tó ń fi aago bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ń da fáìlì MySQL wa, ibi tí àkọsílẹ̀ owó wà, kọ sórí disk mìíràn; ìyẹn ni backup wa. Mo ra disk tuntun, mo da ẹ̀dà náà padà, MySQL kọ̀, kò dìde. Nígbà tí mo fi innodb_force_recovery fipá ṣí i, owó ti kúrò nínú àkọsílẹ̀ àwọn kan, kò sì dé ibi tó ń lọ. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ gbé ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ wá, ó ní, "Ọmọ mi, owó mi dà?"

Iṣẹ́ (program) tó ń ṣírò èlé lórí kọ̀ǹpútà náà ló fà á. Tí aago 12 bá ku ìṣẹ́jú 10 ló máa ń bẹ̀rẹ̀, tẹ́lẹ̀ kì í pẹ́ tí yóò fi parí. Ọmọ ẹgbẹ́ ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ náà wá ń kọjá aago 12, èmi ò sì padà lọ wò ó. Bí backup ṣe ń da fáìlì kan kọ, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń yí èkejì padà. Bí ẹni ń ka ọjà lórí àtẹ tí wọ́n ṣì ń tà lọ́wọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ la fi jókòó ti rìsíìtì.

Mo kọ́kọ́ rò pé àṣẹ kill -STOP ti tó: màá fi dá iṣẹ́ dúró, màá fi kill -CONT jí i tí backup bá tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ibi tó bá bá iṣẹ́ ló ń dá a dúró sí, ìbáà jẹ́ àárín ìṣirò. Ohun tí iṣẹ́ náà ṣì gbé sínú mẹ́mórì rẹ̀ kò sì ní dórí disk.

Ní báyìí, backup máa ń fi fáìlì kékeré kan sílẹ̀, mo sọ ọ́ ní "duro". Iṣẹ́ èlé ń wò ó lẹ́yìn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti rí i, yóò parí ti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ṣe commit (kí MySQL fi ohun tó ti ṣe pamọ́ pátápátá), yóò kọ ibi tó dé sílẹ̀, yóò sì sinmi. Ìgbà yẹn ni mysqldump --single-transaction, àṣẹ tó ń kọ àkọsílẹ̀ MySQL jáde sínú fáìlì, tó bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, mysqldump yìí lè ya àwòrán InnoDB (apá tí MySQL fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀) lójú kan láì dá ẹnikẹ́ni dúró, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ péré ni èlé ti kàn.

Ẹ fi trap, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ bí script bá fẹ́ parí, sínú script (àkójọ àṣẹ) backup yín kó yọ "duro" kúrò bí backup bá tiẹ̀ kùnà. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, disk kún lóru ọjọ́ kan, backup já sáàárín, iṣẹ́ wa sì wà lójú kan náà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lóṣooṣù ni mo ń da ẹ̀dà náà padà sórí laptop àtijọ́ kan láti wò ó. Àkọsílẹ̀ ìyá elélùbọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí.