Aládùúgbò Àpẹtẹ̀, Aládùúgbò Leeds

Alẹ́ ọjọ́ kejì tá a kó dé ilé tuntun wa ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo gbọ́ tẹ́nì kan sín. Mo ní "pẹ̀lẹ́ o", mo sì ń pààrọ̀ pámpáàsì ọmọ mi lọ, àfìgbà tí ọkọ mi yọjú láti kíṣìnì tó ní ta ni mò ń kí. Òun kọ́ ló sín o. Ọmọ náà kọ́. Ẹni tó ń gbé lódìkejì ògiri ni! Ilé bíríkì pupa ni gbogbo òpópónà wa, wọ́n tò wọ́n mọ́ra bíi búrẹ́dì, ògiri kan náà lèmi àti ẹni tó tẹ̀ lé mi jọ ń lò, èmi tí mo rò pé mo ti fi fésì-mí-àì-fésì-yù sílẹ̀ n'Íbàdàn.

Kẹ́ni sín ò burú. Nígbà tó di bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni orin bẹ̀rẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá kí n pè é lórin, torí èèyàn ò gbọ́ ohùn, kò gbọ́ ọ̀rọ̀, gbìm gbìm gbìm tó ń lu àyà ẹni nìkan ló ń wọlé, kọ́ọ̀bù omi tó wà lórí tábìlì ń gbọ̀n. Tó bá jẹ́ pé mo gbọ́ orin yẹn dáadáa, bóyá ǹ bá dìde jó sí i. Aago méjì òru ló tó pa á.

Kì í ṣe pé ariwo ṣàjèjì sí mi, ọmọ Ìbàdàn ni mí jàre. Ọdún 2012 la gba ilé l'Ápẹtẹ̀, ọdún kejì omíyalé 26 oṣù kẹjọ 2011 tó gbé afárá Àpẹtẹ̀ lọ, àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó ni. Éjẹ́ǹtì mú wa débẹ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, ó ní "mádàámù, ibí dákẹ́ rọ́rọ́, ẹyẹ nìkan lẹ óò máa gbọ́". Kò purọ́, torí gbogbo àdúgbò ti lọ síbi iṣẹ́! A sanwó ilé, a san agírímẹ́ǹtì, a san kọmíṣọ́ọ̀nù, ilẹ̀ ṣú, wọ́n mú iná lọ, bí Bàbá Kafáyà tó múlé tì wá ṣe fa okùn jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "ai bẹ́tà páàsì mai nébọ̀" ni, orúkọ ẹ̀ gan-an ti sọ ohun tó bá wá. Abẹ́ wíńdò wa ló gbé e sí, ẹnu sàléńsà kọjú sí nẹ́ẹ̀tì wa báyìí, èéfín ń wọlé bí ẹni ń sun ẹran. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èéfín yẹn kì í ṣeré, àìmọye ìdílé ló ti sùn sínú ẹ̀ tí wọn ò jí.

Lókè ọ̀nà tiwa, ìyá kan tún wà tó jẹ́ pé tí òjò bá ti ṣú báyìí, á ti gbé pàǹtí ọ̀sẹ̀ kan jáde, á dúró kí àgbàrá dé, á sì dà á sí i. Gbogbo ẹ̀, iwájú géètì wa ló ń gúnlẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ò yanjú títí a fi kó kúrò, kí n sòótọ́.

Ṣùgbọ́n ti Bàbá Kafáyà yanjú. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí lèmi àti bàbá tó dàgbà jù nínú ilé wa lọ bá a, mo kúnlẹ̀, mo ní "ẹ jọ̀ọ́ sà". Ó kọ́kọ́ gbaná jẹ, ó ní ṣé èmi nìkan ni mo ní imú ládùúgbò ni? Bàbá wa ní "ẹ má jẹ́ kọ́rọ̀ yìí dé kóòtù Mápó, ẹ ẹ̀ ní lè máa kí ara yín mọ́". Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló yí jẹnẹrétọ̀ náà síbi ẹ̀yìn fẹ́ńsì, ìgbà tó di ọjọ́ kẹta ó ju wáyà wọlé láti ojú wíńdò, ó ní "Ìyàwó, ẹ ki fáànù yín bọ̀ ọ́". A wá ń dá owó epo sí i. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé látìgbà yẹn mi ò gbọ́ ariwo yẹn mọ́! Ẹ́ńjìnnì kan náà o, ó ṣì ń pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ fáànù mi ń yí nínú ẹ̀.

Ní Leeds ńkọ́, ta ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún? Mi ò mọ ojú ẹ̀. Ohun tí káńsù ní kéèyàn ṣe ni pé kó máa kọ ariwo sílẹ̀, ọjọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, ohun tó ṣe fún ẹ. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí méje àárọ̀ ni òfin wọn ń pè ní òru. Mo ra ìwé, mo ń kọ: "Tọ́sìdeè, 11:40 sí 1:55, ọmọ jí lẹ́ẹ̀mẹta." Ojú ìwé mẹ́fà ni mo ti kọ nípa ẹni tí mi ò rí rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló pariwo mọ́ mi lórí fóònù pé kí n má fi ránṣẹ́ o. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé téèyàn bá fẹ́ ta ilé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní TA6, ibì kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ti ń bi onílé bóyá òun àti aládùúgbò ti ní gbọ́nmi-si-omi-ò-to rí. Tó o bá purọ́ síbẹ̀, ẹni tó ra ilé lè pè ẹ́ lẹ́jọ́. Tó o bá sì sọ òótọ́, ta ló fẹ́ ra? Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo lọ wo ìwé ilé tiwa. "No" ni obìnrin tó tà á fún wa kọ. Mo jókòó tì í títí, mò ń rò ó bóyá irọ́ ló pa, àbí ńṣe ló fara da gbìm gbìm láti lè kọ "No" yẹn.

Kò sí fọ́ọ̀mù n'Íbàdàn ní tiwa, àmọ́ ìyá alákàrà wà ní jọ́ńṣọ̀n. Ẹni tó bá ń wá ilé tó máa gbà, kó jẹ àkàrà díẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́ Fúráìdeè, kò ní sí ohun tí wọn ò ní sọ fún un. Ìyẹn náà níbi tó mọ ṣá. Nígbà tí Bódìjà bú gbàmù ní 16 oṣù kìíní 2024, tí gómìnà Mákindé ní àwọn awakùsà tí ò gbàṣẹ ló kó àdó olóró sínú ilé kan, àǹtí mi tó ń gbé ní Sámọ́ńdà ní ilẹ̀ mì lábẹ́ òun. Fẹ́ńsì gíga, géètì tìmọ́tìmọ́, kò sí alákàrà kankan tó lè mọ ohun tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Màmá mi ló gbà mí. Wọ́n wá kí ọmọ, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi fara dà á, alẹ́ ọjọ́ kẹjọ wọ́n rí mi tí mò ń kọ ìwé mi, wọ́n ní "ẹnì kan ń dà yín láàmú, ẹ wá ń kọ ọ́ sínú ìwé, ṣé ẹ fẹ́ lọ tà á l'Ọ́jà'ba ni?" Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti so ìró, wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn ibẹ̀. Ojú tì mí dẹ́nu. Ọmọkùnrin gíga kan ló ṣílẹ̀kùn, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Òyìnbó tí màmá mi kó jáde ò pọ̀, wọ́n nawọ́ sí ògiri, wọ́n fi ọwọ́ rọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n wá sunkún bí ọmọ ìkókó. Ojú ọmọ yẹn pọ́n! Ó ní ọdún mẹ́ta lòun ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kan ilẹ̀kùn òun rí. Ògiri wa ló gbé sípíkà tì. Ó yí i síbòmíì lójú wa, màmá mi sì ń ṣàdúrà fún un lọ.

Orin ẹ̀ ṣì ń dún o, àmọ́ kò dé àyà mọ́. Ọkọ mi ní tó bá dọjọ́ tá a fẹ́ ta ilé yìí, kí la fẹ́ kọ síbi ìbéèrè yẹn? Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé màmá mi ti bá wọn sọ ọ́.