Jíìpù dísù tá a lọ wò lónìí

A lọ wo jíìpù Mercedes GL 350 kan lónìí níbi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kubwa Express, èmi, Bàbá Tómi àti ọ̀gá mẹkáníìkì wa láti Apo. Mọ́tò ọ̀hún rẹwà o. Èèyàn méje ló ń gbà, Màmá àtàwọn ọmọ á jókòó láìfún ara wọn pa, AC ẹ̀ tutù nini. Ojú ọkọ mi ti wà lọ́nà Lokoja sí Kabba títí dé Ìkọ̀lé.

Látìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti sọ pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti lọ, ní 29 oṣù Kárùn-ún 2023, ẹni tó bá ń lo jíìpù ẹ́ńjìnnì ńlá mọ̀ ọ́n lára. Dísù náà ò pọ́ọ́kú, àmọ́ ẹ́ńjìnnì dísù onísílíńdà mẹ́fà (V6) inú GL 350 kì í mu epo tó ti bẹntiróòlù onísílíńdà mẹ́jọ (V8) inú GL 450. Ìdí tá a fi ń wá a nìyẹn.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ò tiẹ̀ wo inú mọ́tò. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ó gbóná. Ó bi ẹni tó ń tà á pé ta ló sítáàtì ẹ̀ ká tó dé, torí dísù tó bá ti gbóná, èèyàn ò lè mọ bó ṣe ń ṣe láàárọ̀ kùtù. Ló bá bọ́ sẹ́yìn, ó ti ìka bọ ẹnu sálẹ́ńsà, ó yọ ọ́, ìka dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ní, "Ìyá Tómi, ẹ wò ó, dísù tí fílítà èéfín ẹ̀ bá pé, ẹnu sálẹ́ńsà ẹ̀ kì í dúdú báyìí." Ó tẹ́ páálí sílẹ̀ ó wọ abẹ́ ẹ̀, ó ní wọ́n ti gé agolo fílítà, wọ́n kó ohun inú ẹ̀ dànù, wọ́n wá jó o padà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, ojú ibi tí wọ́n jó wúruwùru.

Ẹni tó ń tà á ò jiyàn, ó ní gbogbo èèyàn ló ń yọ ọ́, wàhálà ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó sì ń yọni lẹ́nu lóòótọ́. Fílítà yẹn ló ń gba ìdọ̀tí dúdú inú èéfín, ó dìgbà tó bá gbóná dé bíi 600 digirí kó tó lè jó o dànù, ìyẹn sì ń fẹ́ kí mọ́tò sáré dáadáa lójú títì. Gwarinpa sí Jabi nínú go-slow, kó o já àwọn ọmọ sílẹ̀ kó o pa á, ṣe ló máa dí.

Síbẹ̀ inú bí mi gan-an. Látọdún 2012 ni ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé èéfín dísù ń fa jẹjẹrẹ. Ní 2015 tí àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé Volkswagen fi sọ́fítíwíà tan àwọn tó ń yẹ èéfín wò, gbogbo ayé ló gbọ́, wọ́n sì sanwó ìtanràn rẹpẹtẹ. Lọ́dọ̀ wa, wẹ́dà ló ń bá wa ṣe é, kò sẹ́ni tó ń bi í. Gbogbo òbí ló sì ń dúró sẹ́nu géètì school láìpa ẹ́ńjìnnì, ẹnu sálẹ́ńsà kọjú sí imú àwọn ọmọ, Tómi tèmi sì ní ikọ́ fée.

Bàbá Tómi ní ká ná owó ẹ̀ wálẹ̀, ká fowó tó bá kù ra fílítà míì. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní kì í ṣe fílítà nìkan, wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà mọ́tò náà ṣe kó má baà wá a mọ́, ìyẹn náà a gbọ́dọ̀ dá a padà. Mo ní rárá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, a wọ mọ́tò wa.

Tá a bá máa ra dísù, fílítà ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé, ọ̀kan nínú wa á sì máa gbé e sáré lórí Airport Road lópin ọ̀sẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Toyota Highlander bẹntiróòlù la máa rà. Ẹnì kan tó fẹ́ jápa lọ sí Kánádà ń ta tiẹ̀ ní Lugbe, a ti fàdéhùn sí Sátidé, ọ̀gá mẹkáníìkì á gbé scanner tó fi ń yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò wò dání.